Láti Bomi Rin dé Wọ́n: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Fífún Ewéko Afomipamọ́ ní Omi, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Ewéko inú ìkòkò kì í ṣe ohun àjèjì ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndò àti ní àyíká wọn, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé tí ilẹ̀ tí ènìyàn lè ro kò sì tó nǹkan mọ́, onílé àti ayálégbé a máa gbin ohun tí wọ́n bá fẹ́ sínú ike ọ̀dà tí ó ti tán, sínú agolo, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú tí àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì fi tà á fún wọn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà tí ó ní iye tí ó tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn ọ̀hún. Níbi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, ewéko tí kò gba ààyè tí kò sì ń béèrè púpọ̀ ni ó yẹ ilé. Ìdí nìyí tí ọdúndún, àbámodá, ojá ìkòokò àti ahọ́n erin fi bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ojú fèrèsé mu.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé òùngbẹ kọ́ ni ó sábà ń pa àwọn ewéko wọ̀nyí, omi ni. Ẹni tí ó bá ra ahọ́n erin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yóò bu omi sí i ní ọjọ́ náà, yóò bu omi sí i ní ọjọ́ kejì, yóò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá jẹrà tí ewé rẹ̀ sì wó lulẹ̀, yóò ní ọwọ́ òun kò dára fún ọ̀gbìn. Kò sí ohun tí ó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ìtọ́ni tí ó tẹ̀ lé ni ó ní àléébù, àléébù ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti èdè ju ti oko lọ: orúkọ tí wọ́n fún ewéko náà ṣì í lọ́nà, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi sọ bí yóò ti fún un ní omi kò ṣe déédéé, àkókò tí wọ́n dá fún un sì jẹ́ ti ilẹ̀ ibòmíràn.

Láti ìgbà tí ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, iyàn ti kúrò lórí pé Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ yìí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1990, fi bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí hàn kedere; ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn dojú kọ. Ìmọ̀ ewéko kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà ṣe. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọdúndún inú ìkòkò yóò ní láti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Orúkọ ọ̀wọ́ ewéko yìí

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀wọ́ ewéko yìí wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí oje. Ògbufọ̀ tí ó bá tọ ipasẹ̀ yìí yóò pè é ní ewéko olóje tàbí ewéko olómi. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣẹ́ ewé àbámodá, omi yóò jáde. Àmọ́ oní- nínú èdè Yorùbá kì í sọ pé nǹkan ń tọ́jú nǹkan. Ohun tí ó ń sọ ni pé ó ní in, ó sì sábà máa ń dọ́gbọ́n sọ pé ó pọ̀ níbẹ̀. Ọbẹ̀ olómi ni ọbẹ̀ tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ olómi kò jìnnà sí àbàtà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ ewéko olómi yóò rò pé etí odò ni ibùgbé rẹ̀, yóò sì máa da omi sí i bí ẹni ń sin pẹ́pẹ́yẹ.

Gbúre tún wà níbẹ̀ láti mú ìrújú náà le sí i. Ewé rẹ̀ nípọn, omi kún inú rẹ̀, igi rẹ̀ rọ̀, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Àwọn onímọ̀ ewéko ti fi hàn pé bí ọ̀dá bá dá gbúre, ó lè yí ìṣesí rẹ̀ padà díẹ̀ sí ti àwọn ewéko tí ó ń gbé inú aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó gbìn ín sí ẹ̀yìn ilé ìdáná fún ọbẹ̀ kò ní í dúró de ọ̀dá kó tó bomi rin ín. Bí gbúre àti ahọ́n erin bá jọ jẹ́ ewéko olómi, orúkọ náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ ewéko náà mu ni afomipamọ́. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: wọ́n fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- kún àpólà-ìṣe fi omi pamọ́, wọ́n sì pa fáwẹ́lì inú fi jẹ, gẹ́gẹ́ bí apẹja ti jáde láti inú pa ẹja. Ó sọ ohun tí ewéko náà ń ṣe, kì í ṣe bí ó ti rí lásán. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ewéko náà ní àká tirẹ̀, kò sì sí àgbẹ̀ tí í máa rọ́ àgbàdo sínú àká tí ó ti kún. Àwọn kan lè ṣàròyé pé ó dún bí àfòmọ́, ewéko tí ń gbé orí igi kòkó. Ohùn àti ìtumọ̀ ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àti pé àwọn onímọ̀ èdè, tí wọ́n ti mú orúkọ ewéko yẹn sọ mọ́fíìmù láìtọrọ gáfárà, kò ní ẹnu láti bá ẹlòmíràn jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Orúkọ ẹyọ ewéko kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, nítorí pé èdè ti ní in tẹ́lẹ̀. Ọdúndún ni Kalanchoe crenata, ewéko ilẹ̀ Áfíríkà. Àbámodá ni Kalanchoe pinnata. Erékùṣù Madagásíkà ni orírun rẹ̀, síbẹ̀ ó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá débi pé àwọn adáhunṣe kà á mọ́ ewé ilé, Pierre Verger sì kọ ọ́ mọ́ ewé tí ó gbà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Ewé ní 1995. Ojá ìkòokò ni ó yẹ fún àfiyèsí jù. Lára ìran rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń tà kiri ayé gẹ́gẹ́ bí ewéko inú ilé, ilẹ̀ Nàìjíríà títí dé Kóńgò sì ni orírun ìyẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ahọ́n ìyá ìyàwó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ògbufọ̀ kan bá ti ibẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá, tí ó pè é ní ahọ́n àna, ó ti lọ ra ẹ̀kọ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ìyá rẹ̀ ń dá a lọ́nà nílé. Títí di ọdún 2017 tàbí níbi tí ó sún mọ́ ọn ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ìran náà ní Sansevieria. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó o wọ inú ìran Dracaena, tí í ṣe ìran peregún. Ojá ìkòokò àti peregún ti di ọmọ ìyá nínú ìwé, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má torí èyí fún àwọn méjèèjì ní iye omi kan náà, nítorí peregún kì í ṣe afomipamọ́.

Ìdí tí omi fi ń pa á

Ní 1815, ẹgbẹ́ Linnean Society ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ lẹ́tà kan jáde tí Benjamin Heyne kọ. Ewé tí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àbámodá. Heyne ṣàkíyèsí pé bí òun bá tọ́ ewé náà wò ní òwúrọ̀, ó kan. Bí ó bá di ọ̀sán, kò ní adùn kan pàtó. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àwọn onímọ̀ tó lè ṣàlàyé ohun tí ó tọ́ wò yìí délẹ̀délẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko orí ilẹ̀ tí ó ní ewé ni ó ní ihò tíntìntín lára ewé rẹ̀, èyí tí ó ṣeé pè ní ihò-èémí. Ihò yìí ni kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ewéko lè fi ṣe oúnjẹ. Ọ̀nà kan náà ni omi inú ewé ń gbà jáde bí òógùn. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ a máa ṣí ihò-èémí wọn ní ọ̀sán, wọ́n a sì làágùn púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mu omi púpọ̀. Afomipamọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ti ihò-èémí rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, a sì ṣí i ní òru nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Ohun tí ó bá gbà wọlé ní òru ni ó ń kó pamọ́ ní ìrísí ásíìdì, ásíìdì yìí ni Heyne sì tọ́ wò ní òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ewéko náà a tú ásíìdì rẹ̀, a sì fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí ó ti tì. Ìdílé ọdúndún àti àbámodá, Crassulaceae, ni wọ́n mú sọ ọ̀nà yìí lórúkọ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní Yorùbá, ìṣíhòlóru, láti inú ṣí ihò ní òru, yóò tó o. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìmí-òru, nítorí pé mímí jẹ́ nǹkan mìíràn tí ewéko ń ṣe tọ̀sán-tòru. Ọ̀pẹ-òyìnbó náà ń ṣe ìṣíhòlóru, èyí sì dára láti mẹ́nu bà ní kíláàsì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò gbọdọ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ ewé wò gẹ́gẹ́ bí Heyne ti ṣe. Ìran àbámodá ní májèlé tí ń da iṣẹ́ ọkàn rú, ó sì ti pa màlúù ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Kí wọ́n já ewé kan ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kí wọ́n já òmíràn láti ara igi kan náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n wọn ìwọ̀n kan náà nínú méjèèjì, kí wọ́n gún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì máa kán sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì tí wọ́n ti là sínú omi sí oje wọn títí àwọ̀ atọ́ka yóò fi yí padà. Oje òwúrọ̀ ni yóò gba púpọ̀ jù. Ewé ìrọ̀lẹ́ lè dúró sínú yìnyín títí di ọjọ́ kejì bí kíláàsì kò bá sí ní àkókò yẹn.

Níwọ̀n ìgbà tí afomipamọ́ kì í làágùn ní ọ̀sán, omi tí wọ́n bá dà sí i lójoojúmọ́ kò ní ibi tí yóò gbà. Yóò dúró sí àárín ilẹ̀, yóò sì lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú àlàfo tí gbòǹgbò fi ń mí. Gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò kú, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Lára wọn ni ìran Phytophthora, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀tá àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun, tí í sọ èso kòkó di dúdú ní àsìkò òjò. Láti ibẹ̀ ni ìjẹrà yóò ti gòkè.

Rọ àti rọ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé rẹ̀ yóò dorí kodò bí ti ewéko tí òùngbẹ ń gbẹ. Olùtọ́jú yóò rí i, àánú yóò ṣe é, yóò sì tún bu omi sí i. Ewéko tí ó ń kú sínú omi ni wọ́n fi omi ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó lè ya ipò méjèèjì sọ́tọ̀, bí ẹni tí ó ń kọ̀wé bá fi àmì ohùn sí i. Rọ, ní ohùn àárín, ni kí ewé má lágbára mọ́ nítorí àìrómi. Rọ̀, ní ohùn ìsàlẹ̀, ni kí nǹkan má le, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù. Ewé afomipamọ́ tí ó bá rọ yóò tinrín, yóò hunjọ bí awọ arúgbó, ṣùgbọ́n kò ní í ya lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́. Omi ni ó ń fẹ́. Ewé tí ó bá rọ̀ yóò wú, àwọ̀ rẹ̀ yóò di ti omi-ẹ̀kọ tàbí kí ó pọ́n, yóò sì fọ́ bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n dáwọ́ omi dúró, kí wọ́n hú u, kí wọ́n gé ibi tí ó ti jẹrà kúrò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó tún un gbìn. Ìtọ́jú méjèèjì tako ara wọn pátápátá. Bí ìwé ìtọ́ni bá wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé bí ewé bá ti ro kí wọ́n bu omi sí i, ìlàjì àwọn tí yóò kà á ni yóò pa ewéko wọn. Àwọn tí ń tẹ̀wé sọ pé àmì ohùn ń gba àkókò, pé òǹkàwé yóò mọ̀ ọ́n láti inú gbólóhùn. Gbólóhùn yìí kò lè ràn án lọ́wọ́: rọ àti rọ̀ jọ bá a mu. Fún ààbò, ó sàn kí òǹkọ̀wé lo hunjọ dípò rọ, kí ó sì lo rà tàbí jẹrà dípò rọ̀, kódà nígbà tí àmì bá wà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe fún omi

Bomi rin ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá ní fún fífún ohun ọ̀gbìn lómi. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò ó níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ Àpólò. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Bu ni kí wọ́n fi igbá tàbí agolo mú omi. Rin ni kí nǹkan tutù jálẹ̀, bí aṣọ ẹni tí òjò pa láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìdímù ti ń rin. Nínú ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, bomi rin kò parí títí ilẹ̀ yóò fi rin dé ìsàlẹ̀. Èyí sì ni ohun tí afomipamọ́ ń fẹ́: kí omi wọlé títí yóò fi máa jò jáde ní ìdí ìkòkò, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí gbogbo ilẹ̀ náà yóò fi gbẹ.

Wọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń wọ́n omi sí ojúde kí eruku má baà sọ nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀. Ojú ilẹ̀ nìkan ni ó ń tutù. Nígbà tí ìwé òkèèrè bá ní kí wọ́n fún ewéko ní omi pẹ̀lú ìṣọ́ra, ògbufọ̀ a máa yára kọ ọ́ pé kí wọ́n máa fi omi díẹ̀ wọ́n ọn. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni ìgbà díẹ̀, omi púpọ̀. Ohun tí òǹkàwé Yorùbá gbọ́ ni omi díẹ̀, ìgbà púpọ̀. Gbòǹgbò tí ó wà nísàlẹ̀ kò rí nǹkan kan mu, ọrùn ewéko tí ó wà lójú ilẹ̀ kò sì gbẹ rí. Láàárín àwọn ewé ahọ́n erin, omi tí wọ́n bá wọ́n a máa dúró sí kòtò àárín rẹ̀, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́kọ́ rà.

Rẹ ní àyè tirẹ̀. Bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá gbẹ débi pé omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwọlé, wọ́n lè rẹ ìdí ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi fún bí ìṣẹ́jú ogún. Ṣùgbọ́n nǹkan tí Yorùbá bá rẹ, bí aṣọ tàbí ẹ̀wà, wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ sínú omi mọ́jú. Ìtọ́ni tí ó bá lo rẹ gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí wọn yóò yọ ọ́ kúrò.

Kò pọn dandan kí wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún yíyípo láti rin dé gbẹ. Bomi rin ín, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ: gbólóhùn yìí ti tó. Ohun tí ó ṣòro ni bí olùtọ́jú yóò ti mọ̀ pé ó ti gbẹ, nítorí pé ojú ilẹ̀ a máa gbẹ ṣáájú inú rẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yóò yanjú rẹ̀. Kí wọ́n tì í bọ ilẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n sì fà á yọ; bí ilẹ̀ tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì tó àsìkò. Àwọn tí ó ti mọ́ lára a máa gbé ìkòkò náà sókè lásán, wọ́n a sì mọ̀ ọ́n láti ara ìwúwo rẹ̀.

Àsìkò àti iye ọjọ́

Àwọn ìwé ilẹ̀ òtútù a máa ní kí wọ́n fún afomipamọ́ lómi ní ìgbà ooru, kí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá ní ìgbà òtútù. Ìgbà òtútù wọn bọ́ sí oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ògbufọ̀ tí ó bá wo kàlẹ́ńdà yóò rí i pé ọyẹ́ ni ó wà nílẹ̀ Yorùbá ní àkókò yẹn, òtútù a sì máa mú ní òwúrọ̀. Yóò wá kọ ọ́ pé kí wọ́n má fún un lómi ní ìgbà ọyẹ́. Àsìkò yìí gan-an ni afẹ́fẹ́ Ìkòtún gbẹ jù lọ láàárín ọdún, tí òjò kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá. Ohun tí ó mú kí wọ́n dáwọ́ omi dúró ní ilẹ̀ òtútù ni pé ìmọ́lẹ̀ kéré, ewéko kò sì dàgbà. Ní Alímọ̀ṣọ́, oòrùn kò lọ ibì kankan.

Àsìkò tí ó yẹ kí olùtọ́jú ṣọ́ra jù ní Èkó ni ìgbà òjò. Láti àkọ́rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta títí dé oṣù keje, òjò a máa pọ̀ sí i, oṣù kẹfà sì ni ó sábà máa ń le jù. Ìsinmi ráńpẹ́ a máa wà ní oṣù kẹjọ kí àrọ̀kúrò tó dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ewéko tí ó wà ní gbangba ní oṣù kẹfà kò nílò agolo ẹnikẹ́ni. Abẹ́ òrùlé ni ó nílò. Èyí tí ó ti wà lábẹ́ òrùlé náà yóò pẹ́ kí ó tó gbẹ, nítorí ọ̀rinrin tí ó wà nínú afẹ́fẹ́.

Ní ti iye ọjọ́, èdè Yorùbá ní ohun èlò kan tí àwọn ògbufọ̀ ti gbàgbé. Ọrún, ìsán àti ìtàdógún ni orúkọ tí wọ́n fi ń dá ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́. Nítorí pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọrún jẹ́ ọjọ́ kẹrin sí ara wọn ní ìṣirò òde òní, ìsán jẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún. Bí ìwé bá ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, àgbàlagbà kan lè ka ọjọ́ òní mọ́ ọn kí ọ̀dọ́ má sì kà á mọ́ ọn. Bí ó bá ní ìsán, àríyànjiyàn tán. Nínú ọyẹ́, ọdúndún inú ìkòkò amọ̀ kékeré lè gba omi ní ìsán. Ojá ìkòokò inú ike ńlá lè dúró di ìtàdógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nyí jẹ́ ìgbà tí ó yẹ kí olùtọ́jú yẹ ilẹ̀ wò ni. Bí ẹyọ ìgbálẹ̀ bá ní kí ó dúró, kí ó dúró.

Ìkòkò àti ilẹ̀

Ike ọ̀dà tí wọn kò lu ní ìdí jẹ́ kànga fún ewéko inú rẹ̀. Kò sí ọ̀nà bí wọ́n ṣe lè fún afomipamọ́ lómi dáadáa nínú rẹ̀. Ìṣó tí wọ́n ti fi iná mú gbóná yóò lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìkòkò amọ̀ sàn jù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí ó bá mọ amù: ohun tí ó ń mú kí omi inú amù tutù ni pé omi ń gba ara amọ̀ jáde, ó sì ń di oru. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkòkò amọ̀ ṣe ń ran ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbẹ. Àwo tí wọ́n bá gbé sí abẹ́ ìkòkò nítorí ilẹ̀ ilé kò gbọdọ̀ ní omi nínú títí di ọjọ́ kejì. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn inú irú àwo bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Ilẹ̀ pupa tí ó máa ń wà nínú ọ̀rá dúdú ní amọ̀ nínú. Bí wọ́n bá bu yanrìn oníhóró ńlá, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáǹdì, mọ́ ọn ní ìlàjì sí ìlàjì, omi yóò rí ọ̀nà kọjá. Yanrìn etí òkun kò dára nítorí iyọ̀ inú rẹ̀.

Ó ku orúkọ tí wọn yóò pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ń tètè mu omi ni àwọn kan ń kọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá mu omi ti gbé e mì, ó sì wà nínú rẹ̀. Tìmùtìmù náà ń tètè mu omi. Ilẹ̀ tí ń jò kò dára tó, nítorí pé jíjò jẹ́ àléébù lára ohun tí ó yẹ kí ó gba omi dúró. Ilẹ̀ alásẹ́ ni ó bá a mu jù nínú gbogbo èyí tí ó wà nílẹ̀, nítorí pé asẹ́ ni ohun èlò tí Yorùbá mọ̀ tí a ṣe kí omi lè kọjá kí nǹkan mìíràn sì dúró. Ìyá tí ń sẹ́ ògì ní Ẹ̀gbẹ́dá kò ní í béèrè àlàyé.